Ǹjẹ́ a lè pe àgbàlagbà ní «feeble» láìtàbùkù rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, mo ń fẹ́ àlàyé lórí ọ̀rọ̀ náà «feeble», tó túmọ̀ sí aláìlágbára. Wọ́n máa ń lò ó fún ohùn tí kò jáde dáadáa, fún iná tó ń ṣe bàìbàì, àti fún àwáwí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èyí tó mú kí n rò pé ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ń kọ̀wé nípa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, ṣé mo lè lò ó, àbí «frail», tí àwọn dókítà pàápàá ń lò fún irú wọn, ló yẹ jù? Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dun ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ gbólóhùn kan tàbí méjì tì í.