Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sín ìlẹ̀kẹ̀ jẹun nílùú kékeré, ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀
Ẹ káalẹ́ o. Apá Òkè-Ògùn ni mo wà, ìlú tí mò ń sọ yìí, tí ọlọ́kadà bá gbé yín lẹ́nu ibodè, kẹ́ ẹ tó kí èèyàn tán lórí fóònù ẹ ti kọjá ẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń sín, ọdún kẹsàn-án rèé, tọrùn tọwọ́ tìdí, mo ń ṣe yẹtí náà. Lánàá obìnrin kan wá gba ẹ̀gbà ọrùn tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìkómọ, ó gbé e sọ́rùn, ó wo dígí títí, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ó dáa. Owó dà? Ó ní owó ò tíì sí àmọ́ òun gbé èlùbọ́ dání, kóńgò mẹ́fà. Kí n tó fèsì ó ti gbé e wọ ilé ìdáná o! Ẹnìkẹta lóṣù yìí nìyẹn. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ní tóun bá tún fojú kan àmàlà lọ́sẹ̀ yìí, òun á máa lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá òun. Ẹ̀yin ńkọ́?

Àṣàkẹ́ Bódìjà
Ẹ tà á fún mi. Mi ò ṣeré o.

Alágbẹ̀dẹ Góòlù
Tiyín dáa, èlùbọ́ ṣe é jẹ. Èmi, wúrà ni mò ń rọ, òrùka ìgbéyàwó àti yẹtí, ìlú kékeré kan nítòsí Iléṣà. Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń bí mi nínú? Ẹni tó bá gbé yẹtí ìyá ẹ̀ wá pé kí n yọ́ ọ fi ṣe òrùka, á jókòó tì mí, kì í ṣe pé ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ o, ọwọ́ mi ló ń ṣọ́, kí n má bàa bù ú. Mo máa ń wọ̀n ọ́n níṣojú wọn kí n tó yọ́ ọ, mo tún ń wọ̀n ọ́n tí mo bá ṣe é tán, síbẹ̀ wọ́n á délé wọ́n á ní alágbẹ̀dẹ ti gé lára ẹ̀. Èyí tó sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá kì í ṣe wúrà rárá, idẹ tí wọ́n fi góòlù bò lójú ni. Kí n wá wo màmá ẹni 70 ọdún lójú, kí n ní yẹtí tí ọkọ yín fi fẹ́ yín, idẹ ni? Mo kàn máa ń ní màmá, ẹ má jẹ́ ká yọ́ eléyìí, ẹ tọ́jú ẹ̀ fún ọmọ-ọmọ yín.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Ẹ ti bá bàbá yẹn bo àṣírí, ó yẹ kẹ́ ẹ lọ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ 😂😂

Tísà
@Alágbẹ̀dẹ ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń wa wúrà lápá ọ̀dọ̀ yín yẹn àbí ẹnu lásán?

Alágbẹ̀dẹ Góòlù
Ó wà o. Ìpérindó, Ìtàgúnmódì, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹní ń wá òkété. Àmọ́ òun kọ́ ni mò ń rọ, góòlù àlòkù ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Àwọn kan tó ń wa ilẹ̀ gbé tiwọn wá lọ́jọ́ kan nínú páálí sìgá, mo ní ẹ máa gbé e lọ, wàhálà ìjọba ò tán nídìí ẹ̀.

Màmá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ọmọ ìjọ wa kan fẹ́ ṣègbéyàwó, ó ní òun fẹ́ ìlà mẹ́ta, pẹ́ẹ̀lì àti kírísítà, tọrùn tọwọ́ tetí, a dúnàádúrà títí a fi bọ́ sí ₦18,000, ó san ₦10,000 ó ní ìyókù di ẹ̀yìn ìgbéyàwó, mi ò sì lè ní kó gbé e sílẹ̀ nítorí ìyá ẹ̀ àti ìyá mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọjọ́ pé. Ìyàwó ń jó wọlé, ìlù ń dún, ó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, gbogbo ìjọ ti dìde, mo wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta mò ń fi fóònù yà á, inú mi ń dùn pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Mo gbọ́ "tá". Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó já. Ìgbà tí mo rí pẹ́ẹ̀lì tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí táìsì tó ń yí lọ sábẹ́ ìjókòó àwọn àgbà ìjọ, ọkàn mi já pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn ọmọdé ti dà sílẹ̀ wọ́n ń ṣà á bí ẹní ń ṣa àgbálùmọ̀, onílù ò tiẹ̀ dúró, ìyá àgbà kan níwájú wá figbe ta pé "háà, okùn ìyàwó já!" Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Ta ni wọn ì bá wò? Èmi nìkan ni mò ń sín ìlẹ̀kẹ̀ nílùú. ₦8,000 yẹn, títí dòní.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀
Yéè! Yéè! Mo ti gbé ọwọ́ lérí.

Àdùkẹ́ Bíìdì
Fíṣìn-láìnì lẹ fi sín in àbí wáyà?

Màmá Ìbejì
Fíṣìn-láìnì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́ Bíìdì
Mo ti bẹ̀rẹ̀ 😂 Kírísítà ìlà mẹ́ta lẹ fi fíṣìn-láìnì sín fún ẹni tó fẹ́ jó? Ẹnu ihò kírísítà mú bí abẹ, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń rẹ́ okùn. Wáyà ló gbà. Ẹ tún wo sítọ́pà náà, irin kékeré tí à ń tẹ̀ mọ́ ìdí okùn kó má bàa tú, tí píláyà bá tẹ̀ ẹ́ jù á gé okùn, tí ò bá tẹ̀ ẹ́ tó á yọ̀ bọ́. Mo ti já ti èèyàn mẹ́rin rí kí n tó mọ èyí o, kì í ṣe pé mò ń bú yín.

Ọmọ Awo
Ìyá àgbà yẹn ò purọ́ ṣá. Nílé tiwa, ìlẹ̀kẹ̀ kì í já lọ́rùn ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ká kàn máa jó lọ. A máa ń wádìí.

Tísà
Kẹ́ ẹ wádìí kí ni? Náílọ́ọ̀nù ni.

Ọmọ Awo
Náílọ́ọ̀nù náà ní ọjọ́ tó yàn láti já.

Tísà
Ọjọ́ tí wọ́n bá fì í ni ó máa ń yàn.

Ayọ̀délé
@Màmá Ìbejì ìyàwó yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì jọ wà?

Màmá Ìbejì
Wọ́n wà o, ọmọ méjì. Ìyá àgbà tó pariwo yẹn ló ń wẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Díákónì
Èmi ò ní wàhálà pẹ̀lú tọrùn àti tọwọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí yẹn ni mi ò fara mọ́, kò yẹ ọmọ Ọlọ́run.

Àdùkẹ́ Bíìdì
Ẹ bá wa bi ìyá yín léèrè ohun tó wà nídìí tiwọn nígbà tí bàbá yín fi ń lé wọn kiri.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Àwọn ìyàwó díákónì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra tìdí lọ́wọ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń wá, wọ́n á ra yẹtí ₦500 sókè, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀, "bá mi fi lọ́rá dúdú wé ìyẹn". Tọmọ ọwọ́ náà ń tà gan-an, wọ́n á fi sídìí ọmọ, tó bá ti ń fún un wọ́n mọ̀ pé ọmọ ń sanra. Kí lẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Díákónì
Mo ti sọ tèmi.

Ayọ̀délé
Wọ́n ti lọ yẹ àpò ìyàwó wọn wò 😂😂😂

Ọmọ Awo
Ìdè Ifá ni tèmi, gíríìnì àti búráùn, tí à ń pè ní òtútù ọ̀pọ̀n, ọwọ́ òsì là ń so ó mọ́. Mo máa ń fi ránṣẹ́ sókè òkun tí mo bá rí ẹni tó ń lọ. Ẹnìkan ní Kúbà ní kí n ṣe márùn-ún fóun àmọ́ gíríìnì àti yẹ́lò ni kí n lò. Mo ní yẹ́lò kẹ̀? Ta ló kọ́ yín nírú ẹ̀? Ó ní àwọn bàbá ńlá yín tí wọ́n kó wá síbí ni. Mi ò rí èsì fọ̀. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn lọ wá yẹ́lò.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Èsì yẹn wọlé! Lọ́dọ̀ tiwa l'Ẹ́fọ̀n-Aláayè, adé ni iṣẹ́ wa, ìlú mìíràn ń wá ṣe adé lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn, ẹyọ kan ẹyọ kan ló ń fi abẹ́rẹ́ mú, kò sí ká da àwọ̀ pọ̀, tó o bá fi búlúù kan síbi funfun á ní kó o tú gbogbo ìlà yẹn palẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ parí ẹyẹ kan ṣoṣo tó wà lórí adé, ọrùn mi ti gan, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Ọba tó ni adé ò sì ní wo inú ẹ̀, torí ọba kì í wo inú adé. Bẹ́ẹ̀ inú yẹn gan-an ni mo fara ṣe jù o, gbogbo ojú ìrán ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ta ló máa rí i?

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀
Ẹ̀yin náà ti rí i.

Ọmọ Afọ̀njá
Ẹ má gbàgbé Ìlọrin o. Òkúta pupa ni wọ́n ń lọ̀ nílùú wa láyé ọjọ́un, lántánà, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí á fi máa dán, wọ́n á lu ihò sí i. Ẹ rò ó wò, kẹ́ ẹ lu ihò sínú òkúta láìsí iná NEPA.

Ọmọ Oòduà
Ẹ̀yin ń lọ òkúta, Ifẹ̀ ń yọ́ dígí. Igbó Olókun, àárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí.

Ọmọ Afọ̀njá
Báyìí ńkọ́, kí lẹ ń yọ́?

Ọmọ Oòduà
Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀
Ẹ gbọ́ èyí kí n tó gbàgbé. Ìyàwó olóyè kan níbí ti lọ Lagos, ó dé pẹ̀lú ẹ̀gbà ọrùn ₦45,000, ó ń rìn kiri ọjà pẹ̀lú ẹ̀, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi kí n lè wò ó dáadáa pé irú eléyìí ò sí nílùú yìí. Mo ní ó rẹwà o, mà. Iṣẹ́ mi ni! Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Lagos ló máa ń rà á lọ́wọ́ mi, ₦12,000. Ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, àmọ́ ìlú mi ti kó ìdí lọ sí Lagos.

Ayọ̀délé
Irọ́ rèé. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tiyín ni, ṣé orúkọ yín wà lára ẹ̀ ni?

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀
Gbogbo ohun tí mo bá sín, mo máa ń fi ẹyọ dúdú kan ṣoṣo sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́, níbi tí irun máa ń bò. Ìyá mi ló kọ́ mi. Mo fọwọ́ kàn án nígbà tí mò ń bá a tún ìkọ́ ẹ̀ ṣe, ó wà níbẹ̀. Mo tún gba ₦500 àtúnṣe.

Ayọ̀délé
Mo gbà. Mo dọ̀bálẹ̀.

Àṣàkẹ́ Bódìjà
₦500 nìkan??? Ẹ̀ bá ti sọ ₦5,000!

Bísí T.
Ẹ jọ̀ọ́ báwo ni mo ṣe lè mọ iyùn gidi, ìyá ọkọ mi fún mi ní ọ̀wọ́ kan wọ́n ní ti ìyá wọn ni.

Àdùkẹ́ Bíìdì
Abẹ́rẹ́ gbígbóná. Tó bá yọ́, rọ́bà ni.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, gidi máa ń hó.

Alágbẹ̀dẹ Góòlù
Ẹ má dán an wò o! Ó ń hó torí pé ọsàn yẹn ń jẹ ẹ́ ni. Ẹ fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, gidi máa ń tutù, ó sì máa ń wúwo lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé rọ́bà ni, @Bísí, ẹ mọ ohun tí mo sọ nípa màmá ẹni 70 ọdún.

Bísí T.
Ó yé mi sà 😂 Mi ò tiẹ̀ ní kàn án mọ́.

Màmá Ìbejì
Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. @Àdùkẹ́ kì í ṣe ẹnu kírísítà. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, mi ò sín in tuntun fún un. Ẹnìkan ló ní kí n ṣe é tí ò wá gbà á, mo so ó kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tó oṣù mẹ́jọ nínú oòrùn Òkè-Ògùn yìí, mo kàn fi kannkan nù ún mo fi ìkọ́ tuntun sí i. Mo fà á wò kí n tó gbé e fún un, ó ṣe "kẹ̀rẹ̀" lọ́wọ́ mi bí ẹ̀ka gbígbẹ. Mo gbọ́ ọ. Mo ní ara mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta mo ń sọ fáráyé pé ijó rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Àdùkẹ́ Bíìdì
Háà. Oòrùn máa ń pa fíṣìn-láìnì gan-an.

Tísà
Ìwádìí ti parí, @Ọmọ Awo.

Ọmọ Awo
Ta ló ṣe é tó fi jẹ́wọ́? 😏

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀
Màmá Ìbejì, ₦8,000 yẹn ńkọ́?

Màmá Ìbejì
Mo ti fi jì í. Mo ń ronú bóyá kí n sín òmíràn fún un, wáyà lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ tí mo bá gbé e lọ, kí ni mo fẹ́ sọ pé ó fà á?

Àṣàkẹ́ Bódìjà
Ẹ fi kóńgò èlùbọ́ kan lé e.

Bísí T.
Ẹ dákun, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta sítọ́pà tí kì í dípẹtà?

Àdùkẹ́ Bíìdì
Mi ò tíì rí i. Gbogbo èyí tí mo ti lò ló dípẹtà.