Wọ́n ní ẹ́ńjìnì mi ti kú: ẹ wá sọ tiyín nípa kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n (bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú) tó lọ sílẹ̀

Ará Ìbàdàn:
Corolla tòkunbọ̀ ni mo ń wà, ó ti rìn ju 290,000 kìlómítà lọ. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo sítáàtì ẹ̀, ló bá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Tí mo bá dé òkè Mọ́kọ́lá, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń yà mí sílẹ̀.

Mẹkáníìkì mi ní púlọ́ọ̀gì ni. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kọ́ìlì ni, a pààrọ̀ ìyẹn náà. Nígbà tí kò sí ohun tí a ò tíì rà mọ́, ó ní ẹ́ńjìnì ti kú, kí n lọ wá owó òmíràn. Owó wo?

Bàbá kan ní Ìwó Róòdù ló yọ mí. Wọ́n yọ wáyà àwọn kọ́ìlì kí ọkọ̀ má baà tan, wọ́n ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Wùn-wùn-wùn-fìì, wùn-wùn-wùn-fìì. "Ṣé o gbọ́ èyí tó ń fò yẹn? Ọ̀kan ò lágbára nínú ihò mẹ́rin tí písítìnì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀."

Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀, wọ́n tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, wọ́n yọ fíúùsì pọ́ǹpù epo, wọ́n wá ń de géèjì tó ń wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n mọ́ ojú púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tẹ tọ́rótù (ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré) mọ́lẹ̀ pátápátá, mo ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀kínní, 170 PSI. Ẹ̀kejì, 165. Ẹ̀kẹta, 80! Ẹ̀kẹrin, 170.

Wọ́n da ṣíbí ọ́ìlì kékeré kan sínú ẹ̀kẹta, a tún un wọ̀n: 85. Bàbá ní kì í ṣe ríǹgì tó yí písítìnì ká. Bó bá ṣe òun ni, ọ́ìlì yẹn ì bá dí àlàfo rẹ̀, géèjì ì bá sì fò sókè. Wọ́n gbé písítìnì ibẹ̀ dókè pátápátá, wọ́n fa rọ́bà afẹ́fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n fẹ́ ẹ sínú ihò náà kí a lè gbọ́ ibi tó ti ń jò. A fetí sí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kẹ́kẹ́. Omi rédíétọ̀ ò hó. Mo tẹ̀ ba nídìí sàlẹ́ǹsà: ṣíìììì.

Fáàfù tó ń lé èéfín jáde ló ti jóná. Nígbà tí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnì, etí fáàfù náà dà bí búrẹ́dì tí eku jẹ. Wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n lọ̀ ọ́ kó jókòó dáadáa, wọ́n pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì. Fáàfù tó jóná yẹn wà lórí tábìlì mi títí dòní.

Ará Abẹ́òkúta:
Ríǹgì ni tèmi ní tiẹ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ka bí 105. A da ọ́ìlì sí i, ó gun 140. Mi ò tíì lówó àtitú u, ọ́ìlì ni mo ń rọ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyàwó mi ní ọkọ̀ náà ń jẹun ju àwọn ọmọ lọ.

Ará Ìlọrin:
Ẹ bi wọ́n léèrè bátìrì o! Tèmi ka 100 yíká, ọmọkùnrin tó wọ̀n ọ́n ti ń ṣírò owó ríǹgì fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi dé, wọ́n ní ẹ́ńjìnì ò yí kíákíá tó, ẹnikẹ́ni ò sì tẹ tọ́rótù. A fa iná láti inú ọkọ̀ tiwọn, a tún un wọ̀n: ó lé ní 160. Bátìrì ni mo padà rà.