Fíìmù àtijọ́ nípa sáyẹ́ǹsì àti ojú ọ̀run: èwo ni kí n kọ́kọ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi?

Olùkọ́ Ọ̀bà-Ilé

Mo kí gbogbo yín. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́ níbí. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí a bá ti jáde, àwọn bí ogún nínú wọn máa ń dúró kí a jọ wo fíìmù lára ògiri yàrá sáyẹ́ǹsì. Tuntun ni wọ́n máa ń béèrè, irú èyí tí ìbọn àti iná pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé etí kì í gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Ó wù mí kí wọ́n rí ibi tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ìyẹn àwọn fíìmù tí a ti ṣe kí a tó bí àwọn òbí wọn, nípa ìrìn àjò sójú ọ̀run, ẹ̀rọ tí ń ronú, àti àwọn ẹ̀dá tí ó ti ayé mìíràn wá. Epo jẹnẹrétọ̀ tí agbára mi ká kì í gbé wa kọjá wákàtí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó bá ti rí àwòrán dúdú àti funfun yóò ti máa wo ẹnu ọ̀nà. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, èwo ni kí n sì fi sílẹ̀?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Láti ìlú Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Èmi yóò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ní ọdún 1902, Georges Méliès, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti ń pidán lórí ìtàgé kí ó tó di oníṣẹ́ sinimá, ṣe fíìmù kan tí ó pè ní Le Voyage dans la Lune. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 lọ, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wọ inú ohun tí ó rí bí ọta ìbọn, wọ́n fi àgbá yìn wọ́n lọ sókè, ọta náà sì gún òṣùpá lójú. Àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀: ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ara ènìyàn tí àgbá bá yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí eré rẹ̀ fi tó kìlómítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó yẹ kí ó ní kí ó tó lè já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ òòfà ilẹ̀ ayé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún wọn ní The Day the Earth Stood Still, tí Robert Wise darí ní ọdún 1951. Àlejò kan láti ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ sí Washington, ó na ẹ̀bùn tí ó mú wá fún ààrẹ Amẹ́ríkà jáde, ṣójà kan rò pé ohun ìjà ni, ó sì yìnbọn lù ú. Ọdún mẹ́fà péré ni wọ́n fi ṣe é lẹ́yìn bọ́ǹbù Hiroshima, ìbẹ̀rù ìgbà náà sì hàn nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àlejò yìí fẹ́ kí aráyé mọ agbára òun, ńṣe ni ó pa gbogbo iná mànàmáná ayé fún ìdajì wákàtí, àfi ti ilé ìwòsàn àti ti ọkọ̀ òfuurufú tí ó wà lójú sánmà. (Kí ẹ múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín níbẹ̀ o. Ọmọ Àkúrẹ́ wo ni ìdajì wákàtí láìsí iná yóò bà lẹ́rù?)

Ti Japan náà wà níbẹ̀, Gojira ti ọdún 1954, nípa ẹranko ńlá tí ìdánwò bọ́ǹbù jí dìde láti inú òkun. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni eérú ìdánwò bọ́ǹbù Amẹ́ríkà ní erékùṣù Bikini bà sára àwọn apẹja Japan kan nínú ọkọ̀ wọn. Ẹ wá ti Japan gan-an. Nínú èyí tí Amẹ́ríkà tún gé ní ọdún 1956, wọ́n ti yọ púpọ̀ kúrò, wọ́n sì fi òṣèré tiwọn há a láàárín.

Ìyá Àlágbàká

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣáájú mi, àmọ́ ó yà mí lẹ́nu pé ó ń bá olùkọ́ físíìsì sọ̀rọ̀, kò sì dárúkọ 2001: A Space Odyssey, tí Stanley Kubrick ṣe ní ọdún 1968, ọdún kan kí ènìyàn tó fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Òun ni mo mọ̀ tí ó bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ jù lọ. Níta ọkọ̀ tí wọ́n fi ń rin ojú ọ̀run, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ariwo kankan kò sí, àfi mímí ẹni tí ó wà nínú aṣọ náà. Nínú ọkọ̀, àgbá ńlá kan tí ó rí bí àgbá epo ń yí kí ara àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lè ní ìwúwo, wọ́n sì kan irú àgbá bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, tí ó ń yí pẹ̀lú òṣèré nínú rẹ̀. Ẹ fi Star Wars ti ọdún 1977 tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí gbogbo nǹkan ti ń dún gbàmùgbàmù nínú òfìfo, kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ èwo ló purọ́.

N kò ní tàn yín: ó gùn ju wákàtí méjì lọ, ẹnikẹ́ni kò sì la ẹnu sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 25 àkọ́kọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi sùn kí ìnàkí tó gbá egungun mú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe é pẹ̀lú ìsinmi láàárín, nítorí náà ẹ lè pín in sí ọjọ́ Ẹtì méjì. Ibi ìsinmi yẹn sì dára púpọ̀, nítorí pé ìgbà náà gan-an ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń wo ètè àwọn méjì tí wọ́n rò pé kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò sí ọmọ tí kò ní padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ọmọ Òyèmẹkùn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan kún un. Alien, tí Ridley Scott ṣe ní ọdún 1979, kì í ṣe fún ọmọ SS2, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Síbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀dá abàmì tí ó dẹ́rù ba gbogbo ayé nínú fíìmù yẹn, ọmọ Nàìjíríà ni ó wà nínú aṣọ rẹ̀: Bolaji Badejo, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní London, tí ó sì ga ju mítà méjì lọ. Ilé ọtí ni wọ́n ti rí i. Wọ́n ń wá ẹni tí gígùn apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí olùwòran rò pé ènìyàn ló wà nínú aṣọ náà. Fíìmù kan ṣoṣo tí ó ṣe nìyẹn. Mo ti sọ èyí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àkúrẹ́, wọn kì í gbà mí gbọ́ àfi tí mo bá fi orúkọ rẹ̀ hàn wọ́n níparí fíìmù.

Blade Runner ti ọdún 1982 náà, ẹ dì í mú fún ìgbà tí wọ́n bá dàgbà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni ìtàn inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó ti kọjá lórí wa báyìí, mọ́tò tí ń fò kò sì tíì dé Ọjà Ọba.

Olùkọ́ Ọ̀bà-Ilé

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 14 ti Méliès àti ìṣẹ́jú 92 ti ọdún 1951 jẹ́ 106, epo yóò sì gbé e. Àwọn méjèèjì ni n óò fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìbéèrè àgbá yẹn sílẹ̀ lálẹ́ yìí. Ìyá Àlágbàká, ti Kubrick yóò dúró títí wọn yóò fi kọ́ nípa ohun tí ń yí po. Ní ti Badejo, n kò tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀, n óò sọ ọ́ fún wọn kí n tó tan ẹ̀rọ.