Yàrá àárín ìlú tàbí ti ẹ̀yìn odi: èwo ló dínwó jù?
Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìnrìn àjò láìná owó púpọ̀, ọ̀rọ̀ ibi tí a ó sùn ti tojú sú èmi àti ìyàwó mi. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la máa ń lò ní ìlú ńlá, a sì máa ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri. Yàrá àárín ìlú wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gba ti ẹ̀yìn odi, takisí tí a wọ̀ lálẹ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ ló gbé gbogbo owó tó yẹ kó ṣẹ́ kù lọ. A ti gbìyànjú láti tètè sanwó yàrá sílẹ̀, síbẹ̀ ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Yàtọ̀ sí owó yàrá, kí ni ẹ máa ń ṣírò kí ẹ tó pinnu pé ibi tó jìnnà ṣì dínwó jù?