Ẹ sọ tiyín: ìgbà tí owó àwọn olówó ayé dé ojúlé yín

Abẹ̀ní Òkè-Ògùn:
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi wà lára àwọn tó ń gbé oògùn rọpárọsẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Kúlà léjìká, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ẹ̀kán méjì sẹ́nu ọmọ, a kun ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀, a kọ nọ́ńbà sára ògiri, ó tán. Àmì onígun mẹ́rin kan wà lára ìgò oògùn náà: tó bá ti dúdú tó òbìrìkítí tó yí i ká, ooru ti bà á jẹ́ nìyẹn, a ò gbọdọ̀ lò ó.

Ìyá àgbà kan ò jẹ́ ká wọlé. "Ẹ tún ti dé! Ibà ń ṣe ọmọ yìí láti àná, ẹ ò ní oògùn ibà lọ́wọ́. Ta ló rán yín gan-an?"

Mo ní, "Ìjọba ni, màmá."

"Ìjọba wo?"

Màmá ò kúkú jayò pa. Owó Bill Gates wà níbẹ̀, ti Dangote wà níbẹ̀, ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú Rotary náà wà níbẹ̀. Kódà gbèsè tí Nàìjíríà jẹ Japan lórí oògùn yẹn lọ́dún 2014, nǹkan bíi mílíọ̀nù 76 dọ́là, àjọ Gates ló gbà láti bá wa san án. A sì rí èrè rẹ̀: 25 oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá, ìyẹn èyí tí kì í ṣe látara oògùn fúnra rẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà.

Àmọ́ olówó ló ń yan àrùn tó wù ú. Yìnyín ò wọ́n nínú kúlà wa rí. Ní ilé ìgbẹ̀bí tá a ti ń gbéra, iná fóònù ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí, aláboyún ló ń ra ìbọ̀wọ́ wá fúnra rẹ̀. Ìyálọ́jà ló padà bá wa bẹ màmá yẹn. Owó Gates ò lè ṣèyẹn.

Ọmọ Yábàá:
Ọjọ́ ti pẹ́ o, àǹtí. Owó epo Rockefeller, olówó Amẹ́ríkà, ló gbé àwọn onímọ̀ wá sí Yábàá ní 1925 nítorí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Àrùn náà pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, ní Èkó ní 1927. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọmọ Gánà kan tí àrùn náà ń ṣe. Nínú kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni onímọ̀ kan, Max Theiler, ti ṣe àjẹsára ní New York. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951.

Àjẹsára yẹn ni wọ́n gún fún mi nígbà tí mo fẹ́ gba káàdì yẹ́lò, ìwé ẹ̀rí àjẹsára tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi, wọn ò já rìsíìtì.