Owó orí lórí ọkọ̀ tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà bá rà ní Jámánì

Ìbéèrè, láti Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Jámánì fẹ́ ra ọkọ̀ níbẹ̀. Ṣé yóò san owó aṣọ́bodè bó bá ń padà sí Amẹ́ríkà?

Èsì kìíní:
Bí iṣẹ́ tí wọ́n rán an bá tó ọjọ́ 140, ó lè ka ọkọ̀ náà mọ́ ẹrù ilé rẹ̀ láìsan owó aṣọ́bodè, bó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kúrò lọ́hùn-ún, tó sì bá ìlànà ààbò Amẹ́ríkà mu. Ẹ ní kó ka ìwé pélébé tó wà létí ilẹ̀kùn dírẹ́bà dáadáa, kó lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà bá ìlànà yẹn mu.

Èsì kejì:
Òótọ́ ni, àmọ́ ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbé lè gba owó orí tirẹ̀. Ní Jámánì, kó gba fọ́ọ̀mù tí kò ní jẹ́ kó san 19% owó orí ọjà kó tó sanwó ọkọ̀.

Èsì kẹta, láti Ọ̀yọ́:
Bó bá sì jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé e bọ̀, àǹfààní yẹn kò dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè Nàìjíríà.