Mo fẹ́ lọ wádìí oko kọfí ní agbègbè Kabba: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti ń ṣe másítà. Mo fẹ́ wádìí bí ìyípadà ojú ọjọ́ ṣe ń bá àwọn tó ń gbin robusta, irú kọfí kan, fínra ní agbègbè Kabba, ìpínlẹ̀ Kogi. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, mi ò mọ ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo kọ sílẹ̀ ni, "Ṣé ẹ ti rí i pé ojú ọjọ́ ti yí padà?" Ìgbà wo ni kí n lọ? Báwo ni mo ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀? Mi ò fẹ́ fi àkókò àgbẹ̀ ṣòfò.

Bàbá Agíríìkì, Asero: Ọmọ mi, o káre. Yọ ìbéèrè yẹn kúrò. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo wọn máa dá ọ lóhùn, torí wọn ò ní fẹ́ já àlejò kulẹ̀. Ohun tí wọ́n fojú rí ni kó o bi wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, òjò àkọ́rọ̀ ló ń mú kí kọfí tanná. Bí òjò yẹn bá rọ̀ tó sì tún dá, òdòdó kan á rẹ̀ dànù, òmíràn á tún yọ lẹ́yìn rẹ̀, èso ò sì ní pọ́n pọ̀. Orí igi kan náà ni àgbẹ̀ á máa padà sí, owó alágbàṣe á máa lé sí i. Torí náà, ọdún wo ni òdòdó rẹ̀ dànù? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ká kọfí lọ́dún tó kọjá? Ìyẹn ṣe é gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ òjò NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà. Gba ti ọdún 30, òun ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ojú ọjọ́ ibì kan. Bí àgbà ò bá rántí ọdún, so ó mọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀: ogun abẹ́lé, ọ̀dá ọdún 1983, omíyalé 2012 ní Lọ́kọ́jà.

Àǹtí Kútọ̀: Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ òjò nìkan kọ́ ló lé àgbẹ̀ nídìí kọfí, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí. Lọ́dún 1986 ni ìjọba tú àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra irè oko ká. Oníbàárà tó dájú ò sí mọ́, ọ̀pọ̀ sì pa oko kọfí tì. Àbúrò, bó o bá kọ ọ́ pé ojú ọjọ́ ló fà á pátá, o purọ́ mọ́ òjò nìyẹn. Béèrè iye tí wọ́n ń tà á àti ẹni tó ń rà á.

Bàbá Agíríìkì, Asero: Òótọ́ ni.

Ọmọ Okun ní Panséke: Ìhà Kabba ni wọ́n bí mi sí. Lọ nígbà ìkórè, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọwọ́ wọn á dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó o bá ń bá wọn ká a, wọ́n á bá ọ sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́ lọ kí ọba àti olórí àgbẹ̀, má sì yọ fọ́ọ̀mù jáde lọ́jọ́ náà. Yorùbá tiwa yàtọ̀ sí ti Ẹ̀gbá, torí náà wá ọmọ ibẹ̀ tó máa bá ọ rìn, kó o sì sanwó fún un. Má fo àwọn obìnrin dá o! Àwọn tó ń ṣa èso ló ń tètè rí èyí tí kòkòrò ti lu.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n kọ́kọ́ dé CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn?

Bàbá Agíríìkì, Asero: Dé ibẹ̀. Láti 1964 ni wọ́n ti wà, kọfí sì wà lára iṣẹ́ wọn. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka rẹ kó o tó lọ, kó o bi wọ́n léèrè irú kọfí tí wọ́n pín fún àwọn àgbẹ̀ Kabba, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló lè fara da ọ̀dá bákan náà.